Ìbọ̀wọ́ Òsì

Ọjọ́ tí wọ́n tú ìdì bọ̀síkọ́nà tuntun l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́,
ṣẹ́ẹ̀tì ni mo wá rà, ṣẹ́ẹ̀tì ni ǹ bá sì rà lọ sílé.
Ìbọ̀wọ́ awọ ńlá kan yọ sí mi láàárín àwọn kóòtù òtútù,
ó sanra bí ẹsẹ̀ ọmọ erin,
ìka rẹ̀ wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà.
Òsì nìkan ni. Kò sí ọ̀tún.
Mo ní, "Owólàfẹ́, ìkejì ẹ̀ dà?"
Ó ní bí òun ṣe bá a nìyẹn,
pé bóyá l'Amẹ́ríkà, òsì máa ń dá wẹ ara rẹ̀.

Ẹgbẹ̀rin náírà. Mo san án nítorí ààrò.

Ìyẹn di ọdún mẹ́fà.
Ní ìdájí, l'ójúlé mi ní Ìjọ̀kà,
kí ládàánì tó pe ìrun,
mo ń ti ọwọ́ bọ inú awọ màlúù tí n ò mọ ẹni tó dà á,
mo ń fa páànù búrẹ́dì jáde láàárín iná.
Iná ò ràn án. Ó kan ń dúdú sí i ni,
ó ń rùn bí ṣúgà tó jó, bí òógùn mi.

Lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ẹnìkan ti fi báírò kọ lẹ́tà mẹ́rin:
D, A, L, E.
Kò sí àmì lórí, kò sí àmì lábẹ́.
Adéṣuyì, ọmọ iṣẹ́ mi, kà á:
"Dalẹ̀. Ọ̀gá, ọ̀dàlẹ̀ ló ni nǹkan yìí o, ẹ jù ú nù."
Mo ní, "Po ìyẹ̀fun rẹ. Ẹni tó dalẹ̀ kì í kọ ọ́ sára."

Ohun tí mo mọ̀ nípa Amẹ́ríkà nígbà náà:
fíìmù tí ọkọ̀ ń gbiná, tí ẹnìkan ń rìn lọ tí kò wẹ̀yìn;
àlìkámà inú ìyẹ̀fun mi, tí wọ́n ní ó ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi;
fọ́ọ̀mù físà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Akínfọlárìn bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà.
Ó wá kí mi nídìí ààrò, ó rí ìbọ̀wọ́ lórí ìṣó,
ó dákẹ́.
Ó mú un, ó fi imú sí i,
ó fi ìkúùkù lu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, pó, pó,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tó ti gbé rí.

Ó ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun lọ́hùn-ún, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀
máa ń dúró sórí koríko nírọ̀lẹ́,
wọn a ju bọ́ọ̀lù kékeré, wọn a hán an.
Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ki ẹnikẹ́ni.
Ọdún mẹ́ta ni òun fi rò pé wọ́n ń bára wọn ṣọ̀tá
kí òun tó mọ̀ pé oríkì ni wọ́n ń jù yẹn.
"Déèlì ni wọ́n ń pe èyí," ó ní. "Orúkọ ọmọkùnrin ni."

Mo bi í pé kí lòun náà fi ń hàn wọ́n nípa tiwa.
Ojú tì í díẹ̀.
Pátákó búrẹ́dì mi tó kán lọ́dún tó lọ,
ògiri pálọ̀ ló gbé e kọ́. Àlejò á dé, á ní ère kí nìyí?
Igi tí mo fẹ́ fi dáná!

Ó fi dọ́là lọ̀ mí, ó fẹ́ mú ìbọ̀wọ́ padà sílé.
Mo ní kí ni n ó fi yọ búrẹ́dì lọ́la, dọ́là?

Nígbà tó lọ tán, mo wá báírò.
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sábẹ́ E, mo fa ìlà kan sókè lórí rẹ̀:
Dalẹ́.
Àárọ̀ dalẹ́. Bọ́ọ̀lù lọ, bọ́ọ̀lù bọ̀, títí ojú ò fi ríran mọ́,
títí ìyá ọmọ náà fi pè wọ́n wọlé.
N ò mọ bí ọmọ náà ṣe dàgbà, n ò mọ ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ síta.

Adéṣuyì yọjú wò ó,
ó ní ṣé ọ̀gá ti ń fi àmì ohùn sí òyìnbó lórí ni.
Mo ní kó yẹ̀ lọ́nà.
Páànù iwájú ti pọ́n.