Lẹ́tà Tí A Gé Sí Méje

Bàbá mi, Oyèwándé, fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà
fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Ó mọ ilé tí ajá wà, ó mọ ilé tí gbèsè wà,
ó mọ obìnrin kan ní Òkè-Ẹlẹ́rin
tó máa ń jáde sẹ́nu ọ̀nà kí agogo kẹ̀kẹ́ tó dún.

Lónìí èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà lórí àkàbà,
mò ń fa wáyà wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́yìn Tákíẹ̀.
Òun jókòó sábẹ́ igi kajú, ó ń wò mí níṣẹ́.
"Kí lẹ tiẹ̀ ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì?
Gbogbo ayé ló ń ké pé kò sí,
n kò tíì rí ẹni tó sọ bó ṣe ń rí nígbà tó bá wà."

Mo ní, Bàbá, ẹ mú lẹ́tà kan.
Ẹ fi abẹ gé e sí méje.
Ẹ kọ nọ́ńbà sára ìkọ̀ọ̀kan,
ibi tó ń lọ, ibi tó ti wá.
Ẹ wá tú wọn sójú ọ̀nà:
ọ̀kan gba Ìkòyí, ọ̀kan gba Ìrẹsà-Adú,
ọ̀kan bá ọkọ̀ Ìlọrin lọ kó tó ṣẹ́rí padà.
Èkeje lè ṣáájú èkíní dé.
Ẹni tó gbà wọ́n ni yóò tò wọ́n.

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Ta ló ń dúró ní ìkóríta, tó ń ní kí wọ́n yà síbí?"
Rútà ni. Mo fi àpótí dúdú náà hàn án,
iná wẹẹrẹ mẹ́rin ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.
"Ó mọ ilé tí wọ́n ń lọ?"
Kò mọ̀ ọ́n. Ìkóríta tó kàn nìkan ló mọ̀.
"Kò burú. Ọ̀gá wa ní Pósọ́fíìsì náà kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà méjì kì í dédé sọ̀rọ̀.
Ọ̀kan á ní, àgò o.
Èkejì á ní, àgò yà, ṣé ò ń gbọ́ mi?
Èkíní á ní, mo gbọ́.
Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.
"Ọmọ ilé ire ni wọ́n, nígbà náà."

Mo ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé kékeré kan.
Mo ti kọ "ògiri iná" síbẹ̀. Ó ní irọ́ ni,
ògiri kì í bi èèyàn pé ta lo fẹ́ rí.
Adènà ni, bíi bàbá tó wà ní géètì ọsibítù
tó máa ń ní àsìkò ìbẹ̀wò ti kọjá.
Mo pa tèmi rẹ́. Mo kọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló béèrè, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀:
"Bí mo bá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan wà ńkọ́?"
Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ àdírẹ́sì ẹ̀rọ kan ní Kánádà,
mo ké sí i lẹ́ẹ̀kan.
Kí Bàbá tó ṣẹ́jú, ó ti jẹ́.
"Kánádà tí Adéǹtàn wà?"
Bẹ́ẹ̀ ni.
Máńgòrò ti so lẹ́ẹ̀mejì tí a ti gbóhùn rẹ̀ kẹ́yìn.
"Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń jẹ́ ìpè. Èèyàn ibẹ̀ ni kì í jẹ́."

Kò sí orúkọ fún ìyẹn nínú ìwé mi.
Mo ní, Bàbá, bí ègé kan bá sọnù lọ́nà,
ẹni tó rán an kì í bínú.
Á dúró díẹ̀, á tún un rán.
Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan,
á dúró ju ti àkọ́kọ́ lọ, á tún un rán.
"Títí dìgbà wo?"

Mo gun àkàbà mi padà.
N kò sọ fún un pé ó níye:
bó bá tún un rán nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún
láìgbọ́ èsì, ẹ̀rọ á jáwọ́.

Nírọ̀lẹ́ ó ní kí n fa bébà kan ya fún òun.
Ó kọ ojú kan àti àbọ̀, ó pa á pọ̀,
ó wá kọ nọ́ńbà sí igun rẹ̀,
bí mo ṣe kọ́ ọ.
Mo yọjú wò ó láti ẹ̀yìn.
Kì í ṣe oókan.
Mẹ́rìndínlógún ló kọ.