Idẹ Olójú Méjìlá

Ermelinda, Noemi ọmọ rẹ fi àpótí ránṣẹ́ láti Torino.
Ẹ̀rọ ni. Funfun, ó wúwo bí ọmọ ọdún méjì,
ó ní bọ́tìnnì mẹ́ta àti ìwé ìlànà ní èdè mẹ́sàn-án,
kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jọ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé
tó kọjú sí òkè tí yìnyín ò tíì fi sílẹ̀.
Mo wò ó. Ó wò mí.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ ojú irin láàárín Vicenza àti Schio,
n kò bẹ̀rù ẹ̀rọ rí
àfi èyí tó ní kí n wá dáná.

Tìrẹ, mo mọ̀ ọ́n: àga onígi gígùn,
o máa ń gùn ún bí ẹni gẹṣin,
o ń yí ọwọ́ irin rẹ̀, ètè rẹ á máa mì bí ẹni ń kà á,
bígólì, okùn tó sanra ju sùpàgẹ́tì lọ,
á máa wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ sórí aṣọ funfun.
Èmi á jókòó ti ìwé ìròyìn, n ó ní,
"Ìgbà wo la máa jẹun?"

Ìwé ní kí n má pò ó di òkìtì.
Ìyẹ̀fun àlìkámà, ẹyin mẹ́rin, omi díẹ̀,
kó rí bí iyanrìn tí òjò fọ́n lé,
kó má dì àfi bí a bá fún un lọ́wọ́.
Omi mi pọ̀ jù. Ẹ̀rọ kérora,
ó bi ìṣù rúgúdú kan jáde, ó dákẹ́.
Mo dín omi kù. Eruku lásán.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, okùn jáde,
ó ń dán bí bàtà ọjọ́ Àìkú,
ọbẹ̀ yọ̀ lára rẹ̀ bí omi orí ewé kókò.
Mo jẹ ẹ́ tán ná. Ebi kì í ṣe aláròyé.

Delfina, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà nílé kejì,
ló fojú sí ẹnu ẹ̀rọ náà.
"Ike ni ihò yìí. Ti Ìyá Ermelinda, idẹ ni."
Mo gun àkàbà lọ sábẹ́ òrùlé.
Ó wà nínú àpò ìyẹ̀fun àtijọ́,
idẹ olójú méjìlá, kò ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ lọ,
ìyẹ̀fun ọjọ́ ọ̀hún ṣì dí ojú kan.
Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi nu ojú yẹn.

Kò wọ ẹnu ẹ̀rọ. Mo gbé e tọ Severino lọ,
oníṣẹ́ irin ẹ̀yìn ibùdókọ̀.
Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé bí mo bá fá a,
kò ní lè padà sára àga yẹn mọ́?"
Ermelinda, mo bi ọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.
Kòkòrò ti jẹ ẹsẹ̀ àga.
Ìwọ náà lo sì máa ń wí pé
ohun tí a ò bá lò, aláǹtakùn ni yóò lò ó.
Mo ní, "Fá a."
Mílímítà méjì péré. Mo ṣa èérún rẹ̀ sápò.

Ọjọ́ Ẹtì. Àlùbọ́sà mẹ́ta, sàdín oníyọ̀ mẹ́fà,
iná jẹ́jẹ́, títí àlùbọ́sà fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.
Delfina di ọ̀bẹ mú. Mo tẹ bọ́tìnnì.
Ojú méjèèjìlá là lẹ́ẹ̀kan náà,
okùn méjìlá yọrí,
ara wọn ṣákiṣàki bí ahọ́n ológbò.
"Gé e!" "Kò tíì gùn tó!" "Mo ní gé e!"
Ọbẹ̀ dì mọ́ wọn, kò bọ́.

Ìyá ọmọ náà yọjú lójú fèrèsé,
ó ní, "Ìgbà wo la máa jẹun?"
Mo la ẹnu, mo pa á dé.
Èmi tí mo bèèrè fún ogójì ọdún,
n kò rántí èsì tí o máa ń fún mi.