Ọ̀rọ̀ Kan Tó Kù

Díákónì Meṣákì, ọkọ mi,
ẹni tí àdúrà rẹ̀ máa ń gùn ju ọ̀nà Ayétòrò dé Kábà lọ,
tí ọbẹ̀ á tutù, tí ọmọ á sùn sórí orúnkún mi
kó tó dé "àmín" ẹ̀ẹ̀kan.
Èmi náà a máa la ojú kan wo ìkòkò.

Oṣù tí ọyẹ́ ń la ètè ni iná wọ oko kaṣú wa.
A ò mọ ẹni tó ṣáná sí i.
Ọdẹ ní òun kọ́, darandaran ní òun kọ́,
afẹ́fẹ́ nìkan ni kò sẹ́.
Ọgọ́fà igi. Ogún ọdún ó dín méjì.
Owó ilé-ìwé Jọláadé,
owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí a yá,
gbogbo rẹ̀ di eérú ní ọ̀sán kan.
Àwọn ará ìjọ wá. Wọ́n ní, "Ìwọ Meṣákì,
ṣé orúkọ rẹ kọ́ ni orúkọ ẹni tí iná ò jó?"
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ náà sára igi kaṣú.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ṣubú lẹ́bàá kànga.
Apá ọ̀tún kọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọsibítù Ẹ̀gbẹ̀.
Nígbà tí ahọ́n máa sọjí,
ọ̀rọ̀ kan péré ló gbé bọ̀:
"Òkun."

Òkun tí a fi ń kí ẹni tó jí,
òkun tí a fi ń kí ẹni tó ń ti oko bọ̀,
tí a fi ń kí abiyamọ, tí a fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀,
òun ló fi ń bèèrè omi,
òun náà ló fi ń bá mi jà.

Mo bínú sí Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.
Odidi òjò kan, n kò dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo ní: Ìwọ lo dá ẹnu tó ń yìn Ọ́ ní àfẹ̀mọ́jú,
kí ló dé tó O fi gbà á padà?
Òjò ń lu páànù. Kò dáhùn.

Òru ọjọ́ kan mo jí, mo rí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
ọkọ mi nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sókè,
ó ń wí jẹ́jẹ́, "Òkun. Òkun o."
Mo rò pé èmi ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn.
Kì í ṣe èmi.
Ó ń kí Ẹnì kan
bí a ti ń kí ẹni tó bá wa ru ẹrù dé ìdajì ọ̀nà.
Kò gùn. Kò tọrọ nǹkan kan.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi ń gbọ́ àdúrà rẹ̀,
ìyẹn ni àkọ́kọ́ tó wọ̀ mí lára.

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tútù.
Mo wá àdúrà nínú ẹnu mi, n kò rí;
ìbínú ni mo bá níbẹ̀,
mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú Rẹ̀ bí ìtì igi.
Kò lé mi jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìyà dára.
Ìyà ò dára. Mo mọ òórùn rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ, májèlé ń bẹ nínú rẹ̀;
omi tó jẹ́ kó rà náà ló jẹ́ kó ṣe é jẹ.
Bóyá bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run rò ó, n kò mọ̀.
Mo kàn mọ̀ pé ohun kíkorò kan ti ṣàn kúrò lára mi.

Mo dé oko lánàá.
Nínú ọgọ́fà, mọ́kàndínlógún ló rúwé láti ìdí.
Ìyókù dúró, dúdú. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀.
Mo fọwọ́ kan ewé kan, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun.
Mo wí i sókè, kí eérú gbọ́:
"Òkun o."
Mo sì gbé ọkọ́.