Ìbú Ìka Méjì

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ìkàwé kan ní Oulu,
yìnyín ń yọ́ lára bàtà wa, ó ń di omi lórí sìmẹ́ǹtì.
Raili tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì,
aṣọ tó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọ́n ìràwọ̀ sí.
Ó ní: "Ẹ jókòó. Ogun kẹtàlélógójì rèé."

Ọgbọ̀n ọdún ló fi wọ̀n ẹja létí èbúté.
Bí o bá fi àtàǹpàkò ti òṣùwọ̀n, ojú rẹ̀ á ti tó o.
Lónìí, ọkọ̀ òfúrufú ló ń wọ̀n,
ọkọ̀ tí kò tó àtàǹpàkò yẹn fúnra rẹ̀,
tí Veikko fi gúlúù lẹ̀ mọ́ orí wáyà.

Ọkọ̀ ńlá mẹ́ta níhìn-ín,
ọkọ̀ wẹ́wẹ́ mọ́kànlá lọ́hùn-ún,
òkúta odò mẹ́fà láàárín, àwọn ni àpáta ojú sánmà,
àti ibùdó epo kan ṣoṣo
tí gbogbo wa ń torí rẹ̀ pa ara wa.
Ìyípo mẹ́jọ, ká wá ka àmì.

Nínú ogun méjìlélógójì tó ti kọjá
ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ló jẹ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Taneli ní dáìsì ló burú.
Raili ní: "Dáìsì kan kì í purọ́ kan náà títí báyẹn."
Ó tẹjú mọ́ tábìlì bí ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná,
ó mú òkúta kan, èyí tó rí pẹrẹsẹ,
ó sún un ní ìbú ìka méjì sí òsì.

Ìyẹn nìkan.

Mo rẹ́rìn-ín. Nínú òfúrufú tí kò lópin,
kí ni ìka méjì fẹ́ ṣe?

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí. Mo yìnbọn, òkúta dí i.
Mo yí ọkọ̀ mi, ó yí bí màlúù nínú ẹrẹ̀.
Àwọn wẹ́wẹ́ Veikko ti sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta,
wọ́n ń yọjú, wọ́n ń ta mí, wọ́n ń padà.
Wọn ò lè wó mi. Èmi náà ò lè mú wọn.
Ọwọ́ wọn ò tó pẹpẹ,
tèmi ò wọ kèrègbè.
Òógùn bo iwájú orí mi, nígbà òtútù!

Àmì kan ni mo fi pàdánù.

Raili ò béèrè ẹni tó borí.
Ó ní: "Ìyípo wo lo mọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"
"Ìkeje."
Ó kọ ọ́ sínú ìwé. "Tẹ́lẹ̀, ìkejì ni ẹ máa ń sọ."

Ní Sátidé, àwọn àlejò á wá láti Kemi, láti Rovaniemi,
pẹ̀lú àpótí ọkọ̀ wọn tí wọ́n fi fóòmù tẹ́ nínú.
Wọ́n á bú dáìsì. Wọ́n á bú ara wọn.
Ẹnikẹ́ni ò ní bú òkúta.