Wọ́n Ti Kó Wa Lọ sí Àríwá

Lẹ́tà dé sí Lẹ́díbọ́rì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun:
wọ́n ti yọ wá kúrò ní líìgì Gúúsù,
a ti di ará Àríwá.
A ò kẹ́rù. Pápá wa ò sún ní ẹsẹ̀ bàtà kan.
Ìlà lásán ni wọ́n fà lórí máàpù,
bóyá pẹ́ńsù ẹnì kan ló yẹ̀.

Glẹ́nísì tó ń ta tíì lẹ́nu géètì bèèrè pé,
"Ṣé wọ́n le jù wá lọ lọ́hùn-ún?"
Adéwùsì, aṣọ́lé wa, ò fèsì,
ó ń fi ọ̀bẹ ha ẹrẹ̀ ìdí bàtà rẹ̀.
Ní Gúúsù, ipò kẹta la parí sí.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ga láàárín aràrá,
kó má tíì ra ṣòkòtò gígùn.

Sátidé àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì gbéra láago mẹ́fà,
wákàtí márùn-ún nínú òjò títí dé Kọ́ńsẹ́ẹ̀tì.
Èjìká ni wọ́n fi kí wa káàbọ̀.
Márùn-ún sí òdo.

Bá a ṣe ń padà bọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀,
ó di ìgbà tílẹ̀ ṣú
kí Adéwùsì tó wí fún fèrèsé pé,
"Góòlù kejì yẹn,
ọwọ́ mi bà á."