Ohun Tí Páálí Wí

Ọ̀sán Àlàmísì ni mo gbé e dé láti Ìgbọ̀nà,
páálí láàrin èmi àti ọlọ́kadà
bí ọmọ tó ń bínú.
Sàmíátù tó tà á fún mi ní,
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ so ológbò yín mọ́lẹ̀ o,
ẹ̀rọ afa-eruku yìí á fà á wọlé tìrùtìrù."
Lára páálí, pẹ̀lú ọ̀dà pupa:
ẹgbẹ̀rún àpótí afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan,
àpótí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, kan lóòró, kan ní gíga.

Iṣẹ́ àpótí ni mò ń ṣe jẹun.
Mo mọ bí ẹgbẹ̀rún àpótí ṣe rí:
ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ni, láti ilẹ̀ dé páànù.
Ìyẹn ni pé láàrin ìṣẹ́jú kan
nǹkan yìí yóò gbé gbogbo èémí Òkè-Báálẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi mì
kó tó tún bèèrè òmíràn.

Mo tọrọ náílọ́ọ̀nù fóòmù lọ́wọ́ Ráṣákì oníbẹ́ẹ̀dì,
mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ ìdí rẹ̀ pa,
mo wọ̀n ọ́n: ọgọ́ta àpótí, kò lé, kò dín.
Mo so ẹnu rẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń tu afẹ́fẹ́.
Bí páálí bá sọ òótọ́,
kí a ka ẹ̀rin, ó yẹ kó ti kún.
Múkáílà ọmọṣẹ́ mi di fóònù mú,
jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìnkùlé,
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,
náílọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lójú oorun ni.
Àrún. Ẹ̀fà. Ó gbé èjìká kan sókè.
Èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán,
ẹ̀wá kó tó na tán.
Òjìdínnírinwó.
Níbo ni ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì tó kù wọlẹ̀ sí?

Ẹnu òfìfo ni a sì fi wọ̀n ọ́n o.
Nígbà tí mo ki ọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́,
tí ọ́ọ̀sì gba abẹ́ tábìlì, tó ya kọ́nà méjì
kó tó dé ìdí ayùn,
a ka ogún.
Ọgọ́sàn-án.
Ológbò wá, ó gbóòórùn ẹnu ọ́ọ̀sì,
ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Ọ̀ṣúntókun,
ikọ́ wọn ní ń kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀
kí àwọn fúnra wọn tó yọ ní ìkòríta.
A máa ń sọ pé ọyẹ́ ni.
Nínú oṣù òjò náà, ọyẹ́ ni.
Ìrókò ni. Ogójì ọdún ìrókò
tí wọ́n là ní pákó, tí wọ́n sì mí sínú.
Kò sẹ́ni tó kọ nọ́ńbà kankan sí wọn láyà.

Mi ò dá ẹ̀rọ náà padà.
Irọ́ a máa tanná, kì í so,
àmọ́ òjìdínnírinwó kì í ṣe òfo.
Mo gé ọ́ọ̀sì kúrú, mo gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ayùn,
mo yọ kọ́nà kan, mo fi tépù dí ibi tó ń jò.
Táílọ̀ ìdí ojú irin rán àpò mìíràn fún un,
èyí tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, kó lè ráyè mí.
A tún kà á: ẹ̀tàlá.
Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ oòrùn gba ihò páànù wọlé
ní ọ̀pá tín-ínrín kan,
mo sì rí eruku kíkúnná,
èyí tí ìgbálẹ̀ kì í rí,
tó ṣì ń rìn gbẹ̀rẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó sanwó ilé.
Múkáílà fun imú sí áńkáṣíìfù funfun,
ó tẹ́ ẹ sí mi lójú: "Ọ̀gá, ẹ wò ó."
Kò funfun.
Kò sì pọ́n tó ti àná.
Mo ní kó kọ déètì sí i létí.
A kàn án mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí.