Orí Ganíyù

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, àpò ẹ̀wù ni mo fi ẹ̀rọ sí.
Ẹ̀rọ kékeré, kò ju páálí ìṣáná méjì lọ,
àlòkù tí mo rà ní Alábà,
rọ́bà ni mo fi so ìdérí bátìrì rẹ̀.
Mo jókòó sí ìlà kẹta nínú àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì
lẹ́yìn ojú irin Èbúté Mẹ́ta,
mo ń rẹ́rìn-ín sínú bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀.
Mo délé, mo ki wáyà bọ etí:
ẹ̀wù mi ló ń kọrin.
Aṣọ ń ha ara rẹ̀, ṣàṣà, ṣàṣà,
àyà mi ń lù kì, kì, kì,
fèrè Bàbá Lásúnkànmí wà lọ́nà jíjìn
bí ẹni tó ń pè mí láti inú kànga.

Alẹ́ kejì, ìkánjú gbé mi wọ̀.
Mo gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ẹnu sípíkà bí ẹni ń gbọ́ àṣírí,
mo yí bọ́tìnì dé òpin.
Ohùn dé lóòótọ́,
ó ti fọ́ kí n tó gbà á.
Gbogbo orin di gúgúrú tó ń bẹ́ nínú agolo.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ:
bí ife bá kún jù, ilẹ̀ ló ń mu ún.
Ohùn tó fọ́, kò sí wẹ́dà tó lè jó o mọ́ra.
Ohùn tó kéré, tó mọ́,
a lè tọ́ ọ dàgbà nílé.

Alẹ́ kẹta, mo yá orí lò.
Orí Ganíyù, àbúrò ìyàwó mi,
ó ga bí òpó iná, kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn.
A rán máìkì méjì, kékeré bí ẹ̀wà, mọ́ fìlà abetí-ajá rẹ̀,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì;
a gé fóòmù lára ibùsùn àtijọ́ bò wọ́n
nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà tí kì í tọrọ àyè kó tó sọ̀rọ̀.
Wáyà gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wá sí àpò mi.
Mo ní: "Má pàtẹ́wọ́. Má húkọ́. Má gberin. Má yí orí."
Ó ní: "Ṣé kí n máa mí?"
Mo ní: "Díẹ̀díẹ̀."

Mo yí bọ́tìnì sísàlẹ̀,
mo fi àyè sílẹ̀ de ìgbà tí fèrè bá bínú.
Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé bí àna tí a kò fún lẹ́ran.
Bàbá Lásúnkànmí da itọ́ inú fèrè nù,
ó nu ẹnu,
ó fọn ọ́n.

Nílé, mo pa fáànù, mo fi ara jìn fún ẹ̀fọn,
mo ń gbé ohùn náà sókè, díẹ̀, díẹ̀,
bí a ti ń gbé garawa kíkún gun àtẹ̀gùn.
Kò fọ́. Ó ń tóbi ni,
títí yàrá kan fi gba odidi àgbàlá.

Àfi ní orin kẹrin.
Ní orin kẹrin, gbogbo ẹgbẹ́ eléré ṣí nídìí,
wọ́n rìn lọ sí etí òsì mi,
fèrè, jìtá, àti ẹni tó ń fọ àwo ní kíṣìnì,
wọ́n dúró níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan,
wọ́n tún rọra padà wá sáàárín.
"Ganíyù, kí lo wò?"
Ó ní òun kò wo nǹkan kan.
Ọmọbìnrin tó ń ta ẹyin sísè ni, lápá ọ̀tún, lẹ́bàá géètì.
Mo bínú. Mo gé orin kẹrin dànù.
Lọ́jọ́ kejì mo dá a padà.

Wọ́n ti wó òtẹ́ẹ̀lì náà; búlọ́ọ̀kù ni wọ́n tò síbẹ̀.
Eyín iwájú Bàbá Lásúnkànmí ti lọ, fèrè wà lábẹ́ ibùsùn.
Ganíyù wà ní Jọ́bọ̀, ó ń ṣọ́ ilé oníyìnyín,
ó máa ń pè lọ́jọ́ Àìkú, kò béèrè orin rí.

Bí wọ́n bá mú iná lóru,
mo máa ń ki wáyà bọ etí,
mo ń dúró de ibi tí orí rẹ̀ ti yí,
mo sì ń bá a yí.
Ó ń mí,
díẹ̀díẹ̀, bí mo ti sọ fún un.